Àlàfo Àárín Àtẹ́lẹwọ́

"Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín pọ̀, Màmá, bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà."

Àṣàbí pa wọ́n pọ̀. Orí ìka kan orí ìka, ìdí ọwọ́ kan ìdí ọwọ́, ṣùgbọ́n àárín là sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gba ibẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì Edith rọra tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Wọn kò pàdé.

"Ó tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ní ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé."

"Òun náà ni. Tó bá ti pẹ́ lára, ó máa ń mú kí awọ ọwọ́ le, kí oríkèé gan. Èjìká yín tó ti gan yẹn, òun náà ni."

"Kì í ṣe èèyàn ló ṣe é?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Èèyàn wo, Màmá? À ń rí i níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Àṣàbí kò rẹ́rìn-ín. Onídìrí ni, gbogbo ọjà Òjúwòyè ní Mushin ló mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tí wọ́n sọ owó di náírà, Saidat, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣe firídọ́ọ̀mù. Àṣàbí fi òòyà tirẹ̀ gan-an lé e lọ́wọ́, ó súre fún un bí ọ̀gá ti í ṣe fún ẹni tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Oṣù kan kò pé, ìka àárín Àṣàbí ká mọ́ òwú, kò nà mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ sétí gbogbo oníbàárà pé Saidat ti fi òòyà gba ọwọ́ òun lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé orí kalẹ̀ fún Saidat mọ́ ní Mushin. Ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ní òun kò fẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọbẹ̀ òun.

Nígbà tí Àṣàbí kúrò lọ́sibítù, kò gba ilé lọ. Ìjọra, níbi tí Saidat ti ń ṣiṣẹ́ ẹja báyìí, ló lọ.

Ó bá Saidat níwájú ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, níbi tó ti ń fi irin ya ẹja tó ti dì mọ́ra. Ọwọ́ tó máa ń fi òwú kó irun onílé-gogoro láìwojú rẹ̀ ti sán, ó sì ti wú. Àṣàbí kúnlẹ̀ sínú omi ẹja.

"Ẹ dìde, Màmá." Saidat kò dá iṣẹ́ dúró. "Kí wọ́n má tún ní mo gba orúnkún yín."

"Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ni. Kì í ṣe ìwọ. Forí jì mí." Ó fẹ́ pa ọwọ́ pọ̀ láti bẹ̀bẹ̀.

Saidat wo àlàfo náà. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Láràárọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó fa ẹja mìíràn sọ́dọ̀. "Òjúwòyè lẹ ti sọ ọ́, Màmá. Kí lẹ wá ń sọ fún ẹja?"

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Mushin, Àṣàbí ń tún un sọ bí ẹni ń kọ́ Sáàmù sórí: ṣúgà ni, kì í ṣe Saidat. Ó mọ ohun tí wọ́n á bi í. Wọ́n á ní, ṣé ìwọ lo wá ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?

Obìnrin márùn-ún ló bá ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ń dìrí fún wọn. Ìyá Bọ́lárìnwá, oníbàárà rẹ̀ tó pẹ́ jù, ló kọ́kọ́ rí i.

"Àṣàbí mi, kí ni wọ́n wí lọ́sibítù?"

Àṣàbí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pa wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè rí i. Ó la ẹnu.

Omi ti lé sójú Ìyá Bọ́lárìnwá. "Ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ ṣe. Ọlọ́run tó ń rí kọ̀rọ̀ á san án fún un."

"Àmín," ni àwọn mẹ́rin yòókù wí.

Ohùn karùn-ún bá wọn ṣe àmín náà. Àṣàbí ti gbọ́ ọ tán kó tó mọ̀ pé tòun ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ìmọ́lẹ̀ ojú títì ń gba àárín wọn kọjá.