Owó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ná Rí

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àdúràgbèmí fi ń wá ìdí owó ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, wọ́n rọ owó ìrántí díẹ̀ wò. Wọn ò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, akọ̀wé ní wáàfù Àpápá nígbà náà, ni ọ̀gá rẹ̀ fi ẹyọ kan ta lọ́rẹ.

Philip, àbúrò bàbá Àdúràgbèmí, kò gbà rárá.

“Ìyàwó wa, alágbẹ̀dẹ kan ní ọjà Boundary ló bá bàbá yín rọ ọ́. Ó ku kó rọ owó Kúìnì.”

Morádéún, ìyá Àdúràgbèmí, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rín náà ò dé inú. Ọmọ náà fẹ́ pa Philip lẹ́nu mọ́.

Ìgbà tó yá, ó rí ojútùú. Lẹ́tà tí ọ̀gá yẹn kọ mọ́ ẹ̀bùn náà sọ pé ẹyọ kẹrìnlá ni. Lára owó náà, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ 14 wínníwínní. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ebuka, tó ń ra owó àtijọ́ ní Àpápá. Ebuka ní kó gbé e wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ìyá rẹ̀ fi aṣọ funfun wé owó náà fún un. Ó rìn gba àárín àwọn tírélà dé ọ̀dọ̀ Ebuka kó tó tú u. Owó náà ń dán yanran. Àmì 14 pupa náà ti pòórá. Gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ àgbélébùú idẹ orí pẹpẹ. Kò jẹ́ gbé nǹkan ìdọ̀tí síwájú ẹni ńlá.

“Bros, ta ló wẹ owó yìí?” Ebuka yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Àmì pupa yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Mi ò lè búra fún un mọ́.”

Àdúràgbèmí rán an létí fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Ebuka ní ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí fọ́tò láyé ìsinsìnyí.

Nígbà tó délé, Philip wà ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de eré.

“Ṣé ó rí i bó ṣe mọ́?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ó kù díẹ̀ kó sọ fún un pé ó ti fọ ẹ̀rí náà dànù. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, bàbá ìyá rẹ̀ á di onírọ́, ìyá rẹ̀ á di òmùgọ̀, Philip á sì fi méjèèjì jẹun alẹ́.

“Ó rí i, Mọ́mì. Ó ní kí n padà wá.”

Philip bú sẹ́rìn-ín. Morádéún gba owó náà, ó ní òun á tún un fọ̀ dáadáa kó tó di ọjọ́ yẹn.