Wákàtí Mọ́kànlá

"Wákàtí mẹ́rin péré," bàbá ní, ìka rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fóònù. "Aago márùn-ún ni wọ́n gbéra, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa balẹ̀. Aago tọ̀hún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé àwọn ti wọ bàálù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la wà yìí. Á dé ní aago méjì ọ̀sán."

Nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. Apá kan lára aṣọ tó ń rán fún ọmọ ṣì wà lórí tábìlì, síìpù ò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń rìnrìn àjò, aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ wà lórí ẹ̀rọ yìí kan náà. Ìyá ní kó dúró díẹ̀, pé ó ku kí òun ṣẹ́ etí rẹ̀. Bàálù kì í dúró de etí aṣọ. Ọmọ lọ, ìyá ò sì sìn ín dé pápákọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé bó bá ń padà bọ̀, òun á fọwọ́ ara òun gbé aṣọ tuntun lọ pàdé rẹ̀. Aṣọ náà ò wá tíì parí, torí kò lè ṣàì gba iṣẹ́ oníbàárà, á sì sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n wá lọ́la. Ìyá Ẹ-Wá-Lọ́la ni àdúgbò ń pè é, kódà níṣojú rẹ̀.

"Ẹ máa lọ pàdé ẹ̀, Dádì," ó ní. "Mi ò lè parí ẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ.

Àánú rẹ̀ ṣe bàbá. Awakọ̀ tírélà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan ló sì lè fi tuni nínú. Ó wo bí ìlú tí ọmọ ti ń bọ̀ ṣe jìn tó lórí fóònù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀. Kò sí bàálù èrò tó lè rin èyí ní wákàtí mẹ́rin."

Ìgbà náà ló rántí pé ọmọ kí òun pé ẹ kúùrọ̀lẹ́ lórí fóònù, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ti rò pé ìdààmú ìrìn àjò ni. Àṣé ọjọ́ ti rọ̀ lọ́hùn-ún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tiwọn, mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ́ tiwa. Ó ka ìka rẹ̀ tán, kò tó, ó fi rílì òwú kan kún un.

"Wákàtí mọ́kànlá! Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa dé."

Ìyá fi ẹ̀rín lé ẹkún. Ó bú ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó ní ó fẹ́ẹ̀ pa òun. Bàbá ní awakọ̀ tó bá ṣìnà, ṣebí á yí ọkọ̀ padà ni. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń bá a lọ gbogbo ojú rírán tó bá kúrò lórí ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, aṣọ ti wà lórí ìkọ́. Bí ìyá ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù ni nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ dé, ó ń béèrè aṣọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ìyá lẹ́nu ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì gé aṣọ yín rárá. Ẹ má wá lọ́la. Ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi ń bọ̀ lónìí."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ ìyá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a gbé etí aṣọ náà sókè kó má baà wọ́lẹ̀, títí ìyá fi wọ mọ́tò.