Òkun Tí Wọ́n Ń Kà ní Ìkọ́gòsì

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìyá tó bí mi ló fi òwe yìí tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan òkun títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Ohun tó fi kọ́ mi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń hó, kí ènìyàn jókòó. Mo jókòó lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí. Mo jókòó títí ó fi sú mi, ọkọ mi àti ọmọ mi kò sinmi ariwo.

Ọkọ mi, Ọládipúpọ̀, kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa òkè, odò àti máàpù títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí a padà wá sí Ìkọ́gòsì níbí. Ọmọ wa obìnrin, Ìníolúwa, kàwé gboyè tán ní Èkó, ló bá gba etí òkun lọ, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ títí, Ọlọ́run kò tíì dá mi lóhùn. Ní báyìí, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ náà, iṣẹ́ olóṣù, ẹni tó bá sì gbégbá orókè nínú ìdíje wọn ni wọn yóò mú. Ìdíje ọ̀hún kò lọ́jọ́. Òkun ló ń dá a fún wọn. Ọjọ́ tí ìgbì bá dára jù nínú ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò ṣe é, alẹ́ tó ṣáájú ni wọ́n sì ń kéde. Ẹni tó bá wà ní Èkìtì, tó ń dúró de ìkéde, òun àti ìdíje ti pínyà. Ó ní láti fi ojú ara rẹ̀ ka òkun, kó sì gbéra kí wọ́n tó pè é.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ ìsinmi ni ìdúpẹ́ rẹ̀, Ìníolúwa ló sì yẹ kó ki oríkì ilé níwájú pẹpẹ, nítorí òun nìkan ló gbà á lẹ́nu mi. Ó ti wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ pé òun ń bá mi palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara lásán ló gbé wá. Ìdí fóònù lọkàn rẹ̀ wà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Bí a bá ti ṣe àdúrà àárọ̀ tán, nígbà mìíràn tí àmín kò tíì kúrò lẹ́nu mi, á gun ẹ̀yìn ilé lọ sí abẹ́ igi kòkó lókè, bàbá rẹ̀ á wá awò ojú rẹ̀, á tẹ̀lé e. Òkè yí wa ká níwá lẹ́yìn, àwọn méjì á dúró síbẹ̀, wọ́n á máa ka òkun nínú fóònù, bí ìgbì àti afẹ́fẹ́ yóò ti rí lọ́jọ́ tó ń bọ̀. Ará Ẹ̀rìjíyàn tó ń lọ sóko á kí wọn, á wo fóònù, á wo òkè, á bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ wá bí ẹni tó pa ìgalà. Ó ní ọ̀la ni, ìgbì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ọmọ yìí tètè máa lọ, kó díje, kó padà wá bá òun dúpẹ́. Ìníolúwa ní òun ò lọ. Ó ní gíga nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, pé ìgbì ọ̀la ń tẹ ara wọn ní gìgísẹ̀, èkejì á ti dé kí èkíní tó wó, afẹ́fẹ́ á sì tún máa ti ojú òkun rọ́ lù wọ́n lẹ́yìn. Bàbá bi í pé ta ló ń kọ́ ta ní afẹ́fẹ́ òkun. Ó ní òun ti ń yà á sójú pátákó kí wọ́n tó bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n bá àríyànjiyàn náà dé ìdí oúnjẹ, wọ́n bá a dé ìdí abọ́ fífọ̀. Nígbà tí ilé dákẹ́, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìnkùlé. Ó ti wá nọ́ńbà olórí ìdíje rí. Ó ń gbà á nímọ̀ràn pé kó mú Wẹ́sìdeè.

Ìníolúwa gbórí lé tábìlì. "Màmá, ẹ bá mi gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ yín."

Èmi náà kò kúkú káwọ́ gbera. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá Naomi, olórí àwa obìnrin aládùúrà, a sì ti fẹnu kò pé ní ìdájí gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, a ó máa bá òkun wí kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mi ò sọ fún ọmọ. Abiyamọ wo ni yóò gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí yóò sùn?

Lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, ọ̀rẹ́ Ìníolúwa kan fi àwòrán ránṣẹ́ láti etí òkun. Omi náà ń hó bí ọṣẹ tí wọ́n ń sè, funfun láti ìhín dé ọ̀hún, ènìyàn kò mọ ibi tí ìgbì kan parí sí. Kò sí ìdíje. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní fóònù purọ́. Ìníolúwa ní kò purọ́, pé agbami ni wọ́n kọ mẹ́fà fún, kì í ṣe etí òkun. Bàbá ní kó má kọ́ òun ní máàpù.

Ó wá di àárọ̀ Fúráìdè. Ìníolúwa sọ̀kalẹ̀ láti abẹ́ kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sápò. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n kọ fún Sátidé. Ó ní mẹ́ta.

Bí inú bá bí ọkọ mi, èdè ilé-ìwé á sá, á ku ti Èkìtì. Ó ní mẹ́fà kò gbé e nílẹ̀, mẹ́ta ló wá fẹ́ gbé e lọ, nígbà tí ìdúpẹ́ òun ku ọ̀tunla. Ó ní ẹni tó bá jáde ní ulé òun lónìí, kó má wulẹ̀ padà wá ki òun. Ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ àpò ṣòkòtò, ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Òjò ń ṣú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, kò sí ọlọ́kadà kankan nítòsí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ Èkó kì í pẹ́ kúrò ní Arámọkọ.

Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ìní, òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru."

"Ohun tí mò ń sọ láti Túsìdeè nìyẹn, Màmá. Wẹ́sìdeè ló hó ruru. Mo sì jókòó."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni ìgbì Sátidé ti ń bọ̀, wọ́n ti to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n tó dé. Bí ọ̀kan bá wó, ènìyàn á ka ení, èjì, dé mẹ́rìnlá, kí òmíràn tó yọ. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ á máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ sí wọn lójú, á gbé wọn dúró, omi á sì máa kún bọ̀ lórí òkìtì iyanrìn abẹ́ òkun. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, afẹ́fẹ́ á yí padà, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́, ìyẹn ni pé wọn ò ní pẹ́ ṣe tán. Òun á wọkọ̀ padà sílé lọ́sàn-án náà.

Mo bi í bóyá ó dá a lójú.

"Rárá. Lóṣù tó kọjá, mo kà á báyìí, iyanrìn ti ṣí kúrò níbi tí mo fojú sí, gbogbo ìgbì ń wó lódindi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ṣeé gùn. Mo lè ṣì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí, mo ti ṣì í tán."

Ìgbà yẹn ni mo rántí àdúrà wa. Mo pe Màmá Naomi, mo ní kí wọ́n fi òkun sílẹ̀ o, afẹ́fẹ́ ni kí a máa bẹ̀bẹ̀ fún, kó máa ti orí ilẹ̀ wá ní ìdájí ọ̀la. Ó bi mí pé ilẹ̀ wo. Mo ní ilẹ̀ ibí yìí náà, kó gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ. Ó ní Ìyá Ìní, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.

Ọmọ mi ti dúró sẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ ti ń gbàdúrà kí ìgbì má wá?"

Mo jáde lọ sábẹ́ máńgòrò.

Ọkọ mi ti wọ awò ojú, ó gbé fóònù sún mọ́ imú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka nǹkan. Ó ka dé mẹ́rìnlá, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo kì í bí ìyá rẹ̀ ti ń kì í: ọmọ olómi méjì tí í pàdé tí kì í jà, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n jọ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Kò wò mí, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ kíkà.

Mo ní, "Bàbá Ìní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yìí dé Arámọkọ."