Fíìmù Ọgbà Mọ́nsúrù Lórí Okùn Aṣọ

Ọdún tí ìjọba pààrọ̀ owó ni Mọ́nsúrù kú, inú ilé ẹbí rẹ̀ ní Kémta, ní Abẹ́òkúta, sì ni Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe opó. Ẹni tí kò bá ṣe opó rí lè máa rò pé ìsinmi ni. Ìsinmi kẹ̀! Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé kan, aṣọ kan náà, ooru abẹ́ páànù. Obìnrin tó ti ń ná ọjà Owódé láti kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, òun ni wọ́n sọ fún pé kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá bí ọkùnrin bá wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò tún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí àwọn onímọ́tò ń ké "Owódé! Owódé!" lójú títì, omi a bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò jáde.

Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí orí rẹ̀ yí nínú yàrá náà ni fíìmù ọkọ rẹ̀. Kí ogun abẹ́lé tó dé, Mọ́nsúrù ti kọ́ ọgbà ìṣeré kan sí ọ̀nà Owódé. Ó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sí Ewékorò ṣe réluwè kékeré tó ń yí ọgbà ká. Ó gbẹ́ ẹṣin onígi tó ń pòòyì. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ńlá kan ró, tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sókè títí wọn yóò fi máa pariwo pé àwọn rí Olúmọ. Lọ́jọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ará Ọ̀fàdà a kún inú bọ̀lẹ́kájà wá. Mọ́nsúrù fi kámẹ́rà ya gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irin dógùn-ún, tí igbó bo ilẹ̀, tí wọ́n sì hú èyí tó kù tà. Lónìí, bí o bá sọ fún ọmọ Abẹ́òkúta pé réluwè ọmọdé wà lọ́nà Owódé rí, yóò ní irọ́ lo pa. Fíìmù wọ̀nyí nìkan ló lè dá a lóhùn.

Wọ́n sì ti ń bàjẹ́. Wọ́n ń rùn bí ọtí kíkan, wọ́n ti bu, wọ́n já káàkiri. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Bùsírátù ti kọ́ àtúnṣe wọn: yóò fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nù wọ́n jẹ́jẹ́, yóò gé ibi tó jẹrà kúrò, yóò sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Orí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni àwòrán wà. Bí èèyàn bá ha á, ó lọ nìyẹn. Lydia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ti rí ẹ̀rọ sinimá ní ilé-ìwé rẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò sì wá kó fíìmù náà kí ìlú lè wò ó. Ó gbọ́dọ̀ yá. Bàbá Sàlàhúdíìnì, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, ti sọ ọ́ pé bí opó bá ti parí, Ṣéhù ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù ni yóò gba yàrá yẹn, gbogbo pàǹtírí inú rẹ̀ yóò sì gba ààtàn lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pín ogún. Àwọn àgbà kún àgbàlá. Nínú ilé yẹn, wọn kì í pín ẹrù òkú láìfọ̀, ẹ̀gbọ́n òkú lóbìnrin ló sì máa ń fọ̀ ọ́. Ìyá Ṣéhù kò sì mọ ọ̀lẹ. Ó fọ agbádá, ó fọ bùbá, ó fọ fìlà. Nígbà tí Bùsírátù ń kírun àílà lọ́wọ́, ó yọ́ gòkè, ó rí apẹ̀rẹ̀ fíìmù lẹ́nu ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gbá a nímú, àánú ìyàwó sì ṣe é.

"Ohun tó ń rùn báyìí lọmọ yìí ń bá sùn," ó ní, ó sì gbé e lọ sídìí kànga. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Nígbà tí Bùsírátù sálámà, apẹ̀rẹ̀ ò sí mọ́. Ó sáré sí fèrèsé. Lórí okùn aṣọ, láàárín àwọn ṣòkòtò òkú, fíìmù gùn lọ gbọọrọ, ó ń dán nínú oòrùn. Kò sí réluwè lára rẹ̀. Kò sí ẹṣin. Ó mọ́ bíi gíláàsì. Ìyá Ṣéhù sì ti ń nawọ́ sí ẹyọ kan tó kù, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ṣéhù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!"

Ta ni yóò gbọ́? Àwọn ọkùnrin ń jà sí ilé tí òkú fi sílẹ̀ ní Owódé, ariwo wọn gba àgbàlá kan. Bùsírátù dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀. Gbogbo ooru yẹn, gbogbo ẹkún yẹn, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù! Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó tún wo ọwọ́ Ìyá Ṣéhù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn àgbà pa ìjà tì. Ẹlòmíràn yíjú sógiri, ẹlòmíràn fi agbádá bojú. Bùsírátù ò wo ẹnì kankan. Ó já fíìmù náà gbà kí ó tó kan omi.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Àwòrán ni, Ìyá mi! Ọgbà àbúrò yín lẹ fọ̀ dànù!"

Ìyá Ṣéhù wo omi dúdú inú bàsíà. "Mo ní ẹ̀gbin ni. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni dúdú ń jáde, mo ní ó ń mọ́." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bùsírátù fẹ́ bínú sí i, kò rí i ṣe. Ìfẹ́ ló fi fọ̀ ọ́.

Bàbá Sàlàhúdíìnì ní tirẹ̀ ò sunkún. "Opó ti jáde sáàárín ọkùnrin," ó ní. "Kíkà ti bàjẹ́. Òní ni yóò tún bẹ̀rẹ̀."

Àlùfáà tó wá bá wọn pín ogún mi orí. "Bàbá, ẹ̀sìn ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ilé yìí ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Bùsírátù, ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Àmọ́ bí o bá ju pàǹtírí yẹn sílẹ̀, tí o sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wá, a lè mójú kúrò. O ó jáde lọ́jọ́ rẹ."

Bùsírátù na fíìmù náà sókè sí oòrùn. Èyí tó burú jù nínú wọn ló kù, tí ọwọ́ àtúnṣe rẹ̀ ò tíì kàn. Ó ti jẹrà lọ́tùn-ún, ó ti já lósì. Ṣùgbọ́n réluwè wà níbẹ̀, ó kún fún ọmọ, orí wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n ń juwọ́. Àtúnṣe ọ̀sẹ̀ kan kọ́ nìyí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni.

"Bàbá, bí ẹ bá tún un kà, ṣé yàrá yẹn náà ni n ó wà?"

"Ibo lò bá tún wà?"

"Ṣéhù ò ní gbà á?"

"Ta ló ń lé opó? Ó di ìgbà tí o bá parí."

Géètì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ Owódé kan ń kó èrò níta. Òde wù ú débi pé àyà rẹ̀ ń dùn ún.

"Ẹ máa kà á, Bàbá," ó ní, ó sì gbé fíìmù náà gòkè lọ.