Àga Alága àti Omijé Ọlọ́pàá

Ẹ̀bùn oníkálukú yàtọ̀ síra. Àwọn kan mọ orin kọ, àwọn kan mọ eré sá. Ọlọ́pàá inú ìtàn yìí, ẹkún ló mọ̀ ọ́n sun. Bó bá ti ní kí omi bọ́ lójú òun, omi á bọ́, láìfi àlùbọ́sà kàn án. Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àtìgbà tó ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ ní àkísà, tí wọ́n ń tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn afurasí, kó lè sunkún títí wọn á fi jẹ́wọ́. Ẹni mẹ́fà ló ti jẹ́wọ́ fún un. Ẹnì keje ló kó o sí wàhálà.

Káfíńtà ni ẹnì keje yìí. Àga ńlá tí alága ìgbìmọ̀ ìlú ń jókòó sí ló sọnù, àga onígi dúdú tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó lè sún un kúrò lójú kan. Káfíńtà tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, àga ti fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ. Inú bí alága. Àga oníke ló wá ń jókòó sí, ìpàdé tó ń gba wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbàdúrà níkọ̀kọ̀ pé kí àga má ṣe jáde.

Ọ̀gá ọlọ́pàá pe Ẹlẹ́kún. Ó ní bó bá lè gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu káfíńtà, ìlà kẹta yóò wọ apá aṣọ rẹ̀, á di sájẹ́ǹtì. Ní ti káfíńtà, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló ń dúró dè é.

Àtìmọ́lé náà kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ: ẹní kan, garawa kan, fèrèsé kékeré kan lókè. Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn tán tí Ẹlẹ́kún fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àkàbà ìjọba lòun jí, àkàbà tó ga tó ilé alájà méjì, àti pé bí ìyá òun bá gbọ́, ó máa kú. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wàràwàrà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bí olè bá rí olè ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì sọ tẹnu ẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé káfíńtà kì í lè wo ẹni tó ń sunkún níran. Bí ọmọdé bá ṣubú lójú pópó, òun náà á ṣubú díẹ̀, kójú má baà ti ọmọ náà nìkan. Ìyàwó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí i. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń gbé abọ́ oúnjẹ méjì wá, ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún àbúrò tó ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí Ẹlẹ́kún júwe ilé ìyá rẹ̀ kóun lọ kí i. Ẹlẹ́kún, tí ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́wàá, kò rí ilé tó máa júwe, ló bá júwe ilé ọ̀gá rẹ̀. Ìyá ìyàwó ọ̀gá ni obìnrin náà bá nílé, ó sì rọ̀ ọ́ títí pé kó gba kámú, pé ọmọ tó bá jalè lónìí lè ronú pìwà dà lọ́la. Àwọn méjèèjì jọ sunkún.

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹlẹ́kún sun ẹkún tó ju ẹkún lọ. Káfíńtà rọ̀ ọ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ta ni kò ṣe irú ẹ̀ rí, pé òun náà jí ẹyin adìẹ ìyá òun ní kékeré. Ẹlẹ́kún ní ẹyin adìẹ kì í ṣe nǹkan ìjọba. Káfíńtà ní òun ti fọ́ fèrèsé ilé ìwé rí. Ẹlẹ́kún ní ìyẹn náà kéré, pé òun nìkan ni olè láyé yìí, ó wá gbórí lé orúnkún. Káfíńtà mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ó ní, "àga alága tí wọ́n ń wí yẹn, èmi ni mo gbé e. Mo gbé e lérí, mo sì gba ojú fèrèsé jáde."

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹkún Ẹlẹ́kún dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà tún fi gbólóhùn kan lé e, Ẹlẹ́kún sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀gá ka ìwé náà, ó mú bíró pupa, ó fa ìlà gba ojú gbogbo rẹ̀ àfi ibi tí wọ́n ti gbé àga. Ìlà kẹta ni Ẹlẹ́kún ń rò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn tó bó ṣe rò pé á dùn.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, bí káfíńtà ṣe rí Ẹlẹ́kún tó wọlé nínú aṣọ ọlọ́pàá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ibi tó dúró sí.

"Àbúrò, wọ́n ti dá ẹ sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n tún ti gbà ẹ́ síṣẹ́."

Ẹlẹ́kún lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ náà yé e, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìyẹn dun Ẹlẹ́kún ju ẹgba lọ.

Ó ka gbólóhùn kan ṣoṣo tó kù nínú ìwé. Adájọ́, ìyá àgbàlagbà kan tí gíláàsì rẹ̀ ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú, bi í bóyá ó sọ fún ọkùnrin náà pé ọlọ́pàá lòun. Ó ní rárá.

"Ǹjẹ́ o sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́?"

"Rárá, Olúwa mi. Òun ló ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́."

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí Ẹlẹ́kún sọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ kọ́kọ́ sọ nínú àtìmọ́lé, àti ohun tí káfíńtà sọ gbẹ̀yìn. Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́yìn. Ẹlẹ́kún wo ọ̀gá, ó wo ìlà méjì tó wà lápá aṣọ tirẹ̀, ó wá wo ìyàwó káfíńtà tó jókòó sẹ́yìn. Abọ́ méjì ló gbé sórí itan, torí kò mọ̀ bóyá àbúrò ti jẹun. Ni Ẹlẹ́kún bá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkàbà dórí ẹyin adìẹ.

"Lẹ́yìn tó ní òun gbé àga, kí ló wá sọ?" Adájọ́ bi í.

"Ó ní, 'Ṣé ara tù ẹ́ báyìí?'"

Adájọ́ ju bíró sílẹ̀. Ó ní kí káfíńtà tó ní òun gbé àga lérí bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀ kóun rí i; ènìyàn méjì ló gbé e nàró, torí ìbàdí tó ń ro ó. Ó ní olè méjì ló jẹ́wọ́ nínú àtìmọ́lé yẹn, ọ̀kan sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ lòun pa, ìjọba ló tún ń sanwó irọ́ náà fún un. Ó ní òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ìtùnú rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Ó dá káfíńtà sílẹ̀.

Ìlà kẹta kò dé mọ́. Ọ̀gá ní láti ọ̀la, ìkóríta ni Ẹlẹ́kún á ti máa darí ọkọ̀. Ẹlẹ́kún jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n, ẹkún gidi lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọlọ́pàá tó ń kọjá pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ó mà tún ti mọ ẹkún sun sí i.

Káfíńtà nìkan ló dúró. Ó di ìbàdí mú, ó rọra jókòó tì í, ó sì gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Dákẹ́, àbúrò. Ta ni kò ṣe irú ẹ̀ rí? Èmi náà, nígbà kan—"

Ẹlẹ́kún fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ọlọ́pàá ni mí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́."