Eéwo Orí Ìka

"Gbé ọwọ́ yẹn kúrò nínú abọ́!"

Oníkéèkì fò sókè. Ìka ló fi ń ha etí abọ́ kíríìmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà. Eéwo tó wà lórí ìka náà ló tẹjú mọ́. Ó ti tú, ọyún sì ti rin bándéèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá mi lágara. Ilé ìdáná mi mọ́ tónítóní. Ẹ wá kòkòrò débi tó bá wù yín, ẹ ò ní rí aáyán kan ṣoṣo."

"Ta ló ń sọ ti aáyán? Kòkòrò tójú ò lè rí ni mò ń wí. Ara wa ló ń gbé, inú imú wa náà, kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ gé ọ níka ló rọ́nà wọlé, ló bá ń bí sí i. Ara rẹ ń bá a jà ni ìka fi wú. Láti àárọ̀ lo sì ti ń fi ìka yẹn po kíríìmù nínú ooru yìí."

"Màá tún gbé e kaná. Á kú."

"Á kú. Oró tó ti tu síbẹ̀ ńkọ́? Iná ò lè pa ìyẹn. Òun ló ń mú èèyàn bì, tó ń jẹ́ kó yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lo fẹ́ gbé e fún o!"

Oníkéèkì kì í ṣe ẹni tí í tètè gbà. Ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìsọ̀ rẹ̀ kò tíì pẹ́, kéèkì tí iléèwé yìí ní kó ṣe ni ì bá sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Inú bí i débi pé omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà, ó da gbogbo rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn náà ló tẹ oníkéèkì ìsàlẹ̀ àdúgbò láago, obìnrin tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, tí wọn kì í kí ara wọn.

"Àǹtí, èmi oníkéèkì òkè àdúgbò ni. Eéwo sọ mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe kéèkì àwọn ọmọ iléèwé."

Obìnrin náà bi í pé, "Orúkọ ta ni ká kọ sára páálí ẹ̀?"

Oníkéèkì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ń wá bándéèjì tuntun.

"Tiyín ni kẹ́ ẹ kọ," ló wí. "Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú, mò ń bọ̀ wá wo ọwọ́ yín."