Ení, Èjì, Dìde

Nínú yàrá orin tó wà ní ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó rú òfin sọ́nà, ẹni tó ti kú ló ṣì ń bẹ̀rẹ̀ orin.

Ẹnu-ò-sinmi ni wọ́n ń pè é, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ̀. Ibà ló pa á. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án, kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n orin tó kọ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà olùkọ́ orin, Òpó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń tẹ dùùrù sí i. Ṣọ́ọ̀bù tí Òpó fọ́ ló gbé e dé ọgbà náà. Láti ọjọ́ ikú yẹn, kì í rí oorun sùn, àfi tó bá ti tẹ dùùrù.

Kí orin tó gbéra, ohùn Ẹnu-ò-sinmi á kọ́kọ́ mí sínú sípíkà, á ní, "Ení, èjì, dìde!" Ibẹ̀ ni Òpó ti máa ń wọlé.

"Ta ní ń fi dìde ka orin?" ni Òpó máa ń bi í nígbà ayé rẹ̀.

"Ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́, òpó iná."

Ní báyìí, bí èémí yẹn bá ti jáde, ara Òpó á gbọ̀n rìrì, á bojú wẹ̀yìn. Àga òfìfo ló máa ń rí. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn wọ inú orin náà.

Ọjọ́ tí ìyá olóògbé fẹ́ wá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ pé. Òpó ti pinnu pé òun lòun máa tẹ̀ ẹ́ fún un. Obìnrin náà jókòó níwájú, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Òpó, má gbọ̀n dùùrù wa fọ́ o!" ni ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn.

Olùkọ́ orin rọra sọ fún Òpó pé, "Mo ti gé èémí àti kíkà yẹn kúrò, kí ó lè mọ́. Bẹ̀rẹ̀, màá fi ohùn rẹ̀ sí i."

Òpó yíjú sí i. "Ẹ gé e, Àǹtí?"

"Kíkà kì í ṣe ara orin."

Òpó gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí. Sípíkà ò mí. Ẹnu-ò-sinmi ti sinmi lóòótọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju èémí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" ni ìyá náà bèèrè.

"Mi ò gbọ́ ọ, mà."

"Kí lo fẹ́ gbọ́?"

"Bó ṣe máa ń kà á. Ó máa ń parí ẹ̀ sí dìde."

Báàgì bọ́ lórí itan obìnrin náà. "Èmi ni mo ni ín," ló wí. "Bí mo ṣe ń jí i láràárọ̀ nìyẹn. Ọ̀lẹ ọmọ! Àfi kí n kà á kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibùsùn.

"Ení," ó ní. "Èjì." Ó na ọwọ́ síwájú. "Dìde."

Ọwọ́ Òpó bọ́ sórí dùùrù. Àǹtí tú ohùn sílẹ̀, Ẹnu-ò-sinmi sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn láti inú sípíkà.

Lọ́tẹ̀ yìí, Òpó kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá náà ló tẹjú mọ́ àga òfìfo yẹn. Nígbà tó yá, ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fún ẹnì kan láyè kọjá.